KÁ TÓ TÚN BALÙWẸ̀ ṢE

Ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ sì ti mọ bí a ti ń kọ iye nǹkan sílẹ̀. Nínú ẹ̀kọ́ yìí, a ó fi ìwé kíkà àti ìṣirò ṣe iṣẹ́ kan tó wúlò nínú ilé. A ó ṣètò bí a ó ti tún balùwẹ̀ kékeré ṣe.

Ẹ mú pẹ́ńsù, ìwé ìṣirò, àti téèpù bíi ti télọ̀. Ínǹṣì 12 ló wà nínú ẹsẹ̀ bàtà 1. Téèpù télọ̀ gùn ní 60 ínǹṣì. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 12, ẹ ó rí i pé téèpù náà gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀yìnkùlé wa ná. Ní Lálúpọn àti ní àwọn abúlé tó yí i ká, ọ̀pọ̀ agbo ilé ló ṣì ń lo balùwẹ̀ ẹ̀yìnkùlé. Òpó igi mẹ́rin ni, páànù àtijọ́ ni wọ́n fi yí i ká, símẹ́ńtì ilẹ̀ rẹ̀ sì ti là. Omi ìwẹ̀ ń gba abẹ́ páànù jáde. Ibi tó bá ti dé, ibẹ̀ ló ń dúró sí. Ẹ̀fọn ń yé ẹyin síbẹ̀, adìyẹ ń mu nínú rẹ̀, ọmọdé ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn kọjá níbẹ̀.

Bí owó díẹ̀ bá wọlé lẹ́yìn ìkórè, a ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, a fẹ́ tún balùwẹ̀ yìí ṣe." Kí ni a kọ́kọ́ máa ń rà? Táìsì tó ń dán ni. Táìsì dára lójú, ṣùgbọ́n táìsì kì í gbé omi lọ. Bí omi kò bá rí ọ̀nà lọ, balùwẹ̀ tuntun yóò dà bíi ti àtijọ́ kí ọdún tó yí po. Àwọn àgbà ní, omi là á kọ́kọ́ tẹ̀ ká tó tẹ iyanrìn. Ọ̀rọ̀ omi náà ni a ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀wò.

1. IYE OMI TÍ À Ń DÀ NÙ

Ẹ jẹ́ kí á mú agbo ilé kan tí ènìyàn 8 ń gbé. Olúkúlùkù ń wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́. Garawa 1 ni ẹnì kan ń lò lẹ́ẹ̀kan, garawa náà sì ń gba lítà 20. Ẹ ṣírò rẹ̀ báyìí:

Ènìyàn 8 lọ́nà 2 = garawa 16.
Garawa 16 lọ́nà lítà 20 = lítà 320.

Lítà 320 ni à ń dà sẹ́yìnkùlé lójoojúmọ́, láìka omi ìfọṣọ mọ́ ọn. Omi yìí ní láti ní ilé tirẹ̀. Ilé rẹ̀ ni kòtò tí àwọn bíríkìlà ń pè ní sọ́kàwéè. A ó gbẹ́ ẹ, a ó fi bùlọ́ọ̀kù tó ní àlàfo láàrin mọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a kò ní fi símẹ́ńtì rẹ́ ìdí rẹ̀, kí ilẹ̀ lè máa mu omi díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, a ó fi kọnkéré tó ní irin nínú bò ó lójú pinpin.

Báwo ni kòtò náà yóò ti tóbi tó? Bí ó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ báyìí: 4 lọ́nà 4 lọ́nà 5 = 80. Àpótí tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 1, tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, ń gba omi bíi lítà 28. Nítorí náà, 80 lọ́nà 28 = lítà 2,240. Ẹ wá pín 2,240 sí ọ̀nà 320. Ìdáhùn rẹ̀ ni 7.

Kí ni 7 yìí ń sọ fún wa? Ó ń sọ pé bí ilẹ̀ ibẹ̀ kò bá mu omi rárá, kòtò ńlá náà yóò kún ní ọjọ́ 7 péré. Kòtò nìkan kò tó. Ilẹ̀ tó ń mu omi ni à ń wá.

Ẹ dán ilẹ̀ wò kí ẹ tó gbẹ́ kòtò. Ẹ gbẹ́ ihò kékeré kan, kí ó jìn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Ẹ da omi kún un ní ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ tún da omi kún un. Bí omi bá ti gbẹ kí oòrùn tó wọ̀, ilẹ̀ náà ń mu omi. Bí omi bá ṣì dúró pa, ilẹ̀ amọ̀ nìyẹn. Ẹ wá ibòmíràn nínú ọgbà, kí ẹ tún dán ibẹ̀ wò. Ọmọdé lè já sínú ihò náà, nítorí náà ẹ bò ó bí ilẹ̀ bá ti ṣú.

2. KÀNGA ILÉ WA ÀTI KÀNGA ẸNÌKEJÌ

Àwọn kan ń sọ pé, "Omi ọṣẹ lásán ni omi ìwẹ̀, kò lè pa ẹnikẹ́ni." Ẹ rò ó wò. Níbo ni a ti ń ṣan ìdí ọmọ ọwọ́? Níbo ni a ti ń fọ aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀? Nínú balùwẹ̀ kan náà ni. Bí ọmọ náà bá ń ṣunú, omi tó ń jáde níbẹ̀ ti gbé àrùn dání.

Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854. Àrùn onígbáméjì, tí a tún ń pè ní kọ́lẹ́rà, bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan tí wọ́n ń pè ní Soho. Ó lé ní 600 ènìyàn tó kú. Dókítà kan, John Snow, ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń béèrè ibi tí àwọn tó kú ti ń pọn omi. Ó rí i pé kànga kan ní òpópónà Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu, èyí tí wọ́n fi irin ìfàmi sí lórí. Ó sọ fún àwọn aláṣẹ àdúgbò, wọ́n sì yọ ọwọ́ irin ìfàmi náà ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án.

Lẹ́yìn èyí, àlùfáà kan, Henry Whitehead, wá ìdí ọ̀rọ̀ náà. Ó rí i pé ọmọ ọwọ́ kan ti kọ́kọ́ ṣàìsàn ní ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ìyá ọmọ náà fọ aṣọ ìtẹ́dìí rẹ̀, ó sì da omi rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí ilé wọn. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ wò, ògiri kòtò náà ti jẹ, kòtò àti kànga sì jìnnà sí ara wọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 3 péré. Omi fífọ aṣọ ọmọ kan ló wọ inú kànga gbogbo àdúgbò. Ìyá náà kò mọ̀.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ rèé. Kòtò omi ìwẹ̀ àti ṣáláńgá gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga. Ìwọ̀n tí a ń lò ni mítà 30, ìyẹn bí ẹsẹ̀ bàtà 100. Téèpù télọ̀ 20 nìyẹn. Bí ilẹ̀ bá dagun, kànga ni kó wà lókè, kí kòtò wà nísàlẹ̀.

Kì í ṣe kànga tiwa nìkan ni a ó wọ̀n o. Omi abẹ́ ilẹ̀ kò mọ ààlà. Ẹ lọ sí ilé aládùúgbò lápá ọ̀tún, lápá òsì àti lẹ́yìn, ẹ kí wọn, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí kànga wọn wà. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún wo bí omi kànga ti ń ga sí ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò pọ̀. Bí ojú omi bá wà ní ẹsẹ̀ bàtà 8 sí ojú ilẹ̀, tí kòtò sì jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, ẹsẹ̀ bàtà 3 péré ló kù kí kòtò kan omi. Èyí kò tó. Ó yẹ kí ó kù tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Ẹ má gbẹ́ kòtò náà jìn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ, ṣùgbọ́n ẹ fẹ̀ ẹ́. Bí ó bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 5, tó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 5, 3 lọ́nà 5 lọ́nà 5 = 75. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba omi tó ti àkọ́kọ́.

Bí ilẹ̀ kò bá wá tó ńkọ́? Púlọ́ọ̀tì tí à ń tà káàkiri agbègbè Ìbàdàn sábà máa ń jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ṣòro kí kànga àti kòtò tó jìnnà sí ara wọn. Ohun mẹ́ta ni a lè ṣe. Èkíní, kí a gbé kòtò sí igun tó jìnnà jù lọ sí gbogbo kànga. Èkejì, kí a mọ ẹnu kànga sókè, kí a dé e ní ìdérí, kí a sì máa se omi mímu kó hó. Ẹ̀kẹta, kí àwọn ẹbí tàbí àwọn aládùúgbò pa owó àti ilẹ̀ pọ̀, kí wọ́n kọ́ ẹyọ kan tó dára. Ìbàdàn ti ṣe irú èyí rí. Láàrin ọdún 1970 sí 1979, wọ́n kọ́ ilé ìwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ àjùmọ̀lò fún àwọn agbo ilé ńlá ní àárín ìlú àtijọ́, àwọn ẹbí tó ń lò ó ló sì ń tọ́jú rẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà bá rú yín lójú, ẹ lọ bá àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àyíká ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú ní Ìyànà Ọ̀fà. Àwọn ni à ń pè ní wolé-wolé láyé àtijọ́. Láyé ìgbà náà, bí wọ́n bá ń bọ̀, à ń sá fún wọn. Nísinsìnyí, ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ lọ bi wọ́n léèrè.

3. YÍYA BALÙWẸ̀ SÍLẸ̀ ÀTI SÓRÍ ÌWÉ

A ti mọ ibi tí omi yóò lọ. Ó wá kù kí á mọ bí yàrá náà yóò ti tóbi tó. Ẹ jẹ́ kí á mú ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú.

Ẹ kọ́kọ́ fi eérú yà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ gbé garawa àti àpótí ìjókòó sínú rẹ̀. Ẹ ní kí ẹni tó ga jù nínú ilé wọ ibẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń bu omi, kó na ọwọ́ bí ẹni ń fi kànìnkànìn ha ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ìyá àgbà wọ ibẹ̀, kó jókòó, kó sì dìde. Bí ó bá há mọ́ wọn, ẹ nu eérú náà, kí ẹ tún un yà. Eérú kò náni ní nǹkan kan. Ògiri tí a bá mọ tán, owó la ó fi wó o.

Bí ó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yà á sínú ìwé ìṣirò. Kí àpótí kan nínú ìwé dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 1. Àpótí 6 ní gígùn, àpótí 5 ní ìbú. Ẹ fi àmì sí ibi tí ilẹ̀kùn wà, ibi tí fèrèsé wà, àti ibi tí omi ń gbà jáde. Ẹ fa ìlà láti ibi tí omi ń gbà jáde títí dé kòtò, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà náà.

4. ILẸ̀, ILẸ̀KÙN ÀTI FÈRÈSÉ

Ilẹ̀. Ilẹ̀ balùwẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ó ní láti dagun díẹ̀ sí ibi tí omi ń gbà jáde. Nínú ẹsẹ̀ bàtà 1, kó lọ sílẹ̀ ní ìdá mẹ́rin ínǹṣì 1. Bí yàrá bá gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 6, ìdá mẹ́rin lọ́nà 6 = ínǹṣì 1 àti ààbọ̀. Bí ó bá dín sí èyí, omi yóò dúró. Bí ó bá ju èyí lọ púpọ̀, ẹsẹ̀ yóò máa yọ̀.

Ẹ má ra táìsì tó ń dán fún ilẹ̀. Èyí tó ń dán wà fún ògiri. Ti ilẹ̀ ní láti há lọ́wọ́ bí a bá fi ọwọ́ pa á. Bí owó táìsì kò bá sí, símẹ́ńtì tí a fi ìgbálẹ̀ fà lójú kó tó gbẹ dára púpọ̀. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló ti ṣubú nínú balùwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn sì ṣẹ́, tí wọn kò sì rìn dáadáa mọ́. Ẹ ní kí bíríkìlà ri ọ̀pá irin kan mọ́ ògiri, kó ga tó ìgbáròkó ènìyàn, kí ìyá àgbà lè dì í mú.

Ilẹ̀kùn. Síta ni kí ilẹ̀kùn máa ṣí. Bí ó bá ń ṣí sínú, tí ẹnì kan sì ṣubú sẹ́yìn rẹ̀, ara ẹni náà yóò dí ilẹ̀kùn pa. Àwọn tó wá gbà á kò ní lè wọlé.

Fèrèsé. Kí fèrèsé kékeré wà lókè, níbi tí ojú ẹlòmíràn kò lè dé. Afẹ́fẹ́ ni yóò gbẹ ilẹ̀ balùwẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ni yóò jẹ́ kí á rí ibi tó ń yọ̀.

Ojú ihò omi. Ẹ fi àwọ̀n irin bo ojú ihò náà, kí kànìnkànìn àti ọṣẹ má baà dí i. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ lo páìpù tó tẹ̀ bí ọrùn pẹ́pẹ́yẹ. Omi díẹ̀ yóò máa dúró nínú ọrùn náà, omi yìí ni yóò dí òórùn àti aáyán lọ́nà tí wọn kò fi ní gba inú páìpù wọlé. Omi òjò láti orí òrùlé kò gbọ́dọ̀ wọ inú kòtò. Bí ó bá wọ ibẹ̀, kòtò yóò kún lọ́jọ́ kan.

5. ẸṢÍRÒ OHUN ÈLÒ

Ẹ jẹ́ kí á ka bùlọ́ọ̀kù. Bùlọ́ọ̀kù ínǹṣì 6 ni a ó lò. Ó gùn ní ínǹṣì 18, ó sì ga ní ínǹṣì 9.

Bí a bá wọ̀n ọ́n ní àárín ògiri, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 24. 24 lọ́nà 12 = ínǹṣì 288. Ẹ pín 288 sí ọ̀nà 18. Ìdáhùn ni 16. Bùlọ́ọ̀kù 16 ló wà nínú ìlà kan.

Ìlà 9 yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7. 16 lọ́nà 9 = bùlọ́ọ̀kù 144.

Ilẹ̀kùn yóò gba àyè bùlọ́ọ̀kù bíi 13. 144 dín 13 = 131. Ẹ fi 9 kún un fún èyí tó bá fọ́. Àpapọ̀ jẹ́ 140.

Ilẹ̀ yàrá náà: 6 lọ́nà 5 = 30. Bí táìsì bá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1 níhà gbogbo, táìsì 30 ni. Ẹ fi 3 kún un fún èyí tí a ó gé. Àpapọ̀ jẹ́ 33.

Kọnkéré ilẹ̀ náà yóò nípọn ní ínǹṣì 4. Símẹ́ńtì ìwọ̀n 1, iyanrìn ìwọ̀n 2, òkúta wẹ́wẹ́ ìwọ̀n 4 ni a ó pò pọ̀. Símẹ́ńtì bí àpò 2 yóò tó o. Símẹ́ńtì tí a ó fi mọ ògiri, tí a ó sì fi rẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kí bíríkìlà dá iye tirẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

6. ONÍLÉ ÀTI BÍRÍKÌLÀ

Ẹ ka ìjíròrò yìí sókè. Kí ẹnì kan ṣe onílé, kí ẹnì kejì ṣe bíríkìlà.

Onílé: Ọ̀gá bíríkìlà, ẹ káàbọ̀. Balùwẹ̀ tí mo wí nìyí.

Bíríkìlà: Ẹ kú ilé, Bàbá. Iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ ra bùlọ́ọ̀kù 200, màá ṣe é kó wù yín.

Onílé: Ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ìwé yìí. 140 ni èmi rí.

Bíríkìlà: Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ èyí? Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ ò ka ìpìlẹ̀ mọ́ ọn. Ìlà 2 ló máa wà nínú ilẹ̀.

Onílé: Òótọ́ lẹ sọ. 16 lọ́nà 2 jẹ́ 32. 140 àti 32 jẹ́ 172.

Bíríkìlà: Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. 172 máa tó o. Ẹ máa fi owó 28 yòókù ra símẹ́ńtì.

Onílé: Omi ńkọ́? Ibo lẹ fẹ́ kó gbà?

Bíríkìlà: Ṣebí gọ́tà wà lẹ́yìn ilé. Inú rẹ̀ la máa darí ẹ̀ sí.

Onílé: Gọ́tà yẹn ń gba ẹ̀gbẹ́ kànga ìyá aládùúgbò wa kọjá. Mo ti wọ̀n ọ́n. Kò ju ẹsẹ̀ bàtà 12 lọ.

Bíríkìlà: Háà, ẹsẹ̀ bàtà 12! Mi ò fiyè sí i, Bàbá. Kò dáa bẹ́ẹ̀. Kí la máa wá ṣe?

Onílé: Ẹ wo igun yẹn, lábẹ́ igi ọsàn. Mo da omi síbẹ̀ láná àti láàárọ̀ yìí, ilẹ̀ sì mu ún. Kànga tó sún mọ́ ọn jù wà ní ẹsẹ̀ bàtà 104.

Bíríkìlà: Páìpù máa gùn díẹ̀ o. Owó máa pọ̀ sí i.

Onílé: Mo mọ̀. Ká yọ táìsì ògiri kúrò, ká fi owó rẹ̀ ra páìpù.

Bíríkìlà: Ó ti yé mi, Bàbá. Bí ẹ bá tún rówó lọ́jọ́ mìíràn, ògiri ò sá lọ.

Ẹ kíyè sí i pé bíríkìlà yìí kì í ṣe olè. Ó mọ ìpìlẹ̀ tí onílé kò kà. Onílé mọ ti kànga tí bíríkìlà kò wò. Ìwé tó wà láàrin wọn ló jẹ́ kí àwọn méjèèjì rí ohun tí ẹnì kan kò lè rí.

7. ÌWÉ ÀDÉHÙN

Bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé méjì tó bá ara wọn mu. Ọ̀kan fún onílé, ọ̀kan fún bíríkìlà. Ẹ kọ ọjọ́, ìwọ̀n yàrá, iye ohun èlò, ibi tí kòtò wà, owó iṣẹ́, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí.

Ẹ pín owó iṣẹ́ sí ọ̀nà mẹ́ta. Ẹ san èkíní nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Ẹ san èkejì nígbà tí kòtò, páìpù àti ilẹ̀ bá parí. Kí ẹ tó san ẹ̀kẹta, ẹ da omi garawa 1 sílẹ̀ balùwẹ̀, kí ẹ sì dúró wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣàn lọ, tí kò ku ọ̀gọ̀dọ̀ kankan, ẹ sanwó pẹ̀lú ọpẹ́. Bí omi bá dúró, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe.

Láyé àtijọ́, àtàǹpàkò ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń tẹ̀ sábẹ́ irú ìwé báyìí, láìmọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ yín síbẹ̀.

8. ÌGBÀ TÍ IṢẸ́ YẸ ÀTI EWU TÓ WÀ NÍBẸ̀

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù, láti oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì. Bí òjò bá ti ń rọ̀, ẹ̀gbẹ́ kòtò lè ya lulẹ̀ bo ẹni tó ń gbẹ́ ẹ. Ẹ má jẹ́ kí ẹnì kan dá nìkan gbẹ́ kòtò. Kí ẹlòmíràn wà lókè.

Bí a bá ti da kọnkéré ilẹ̀, ẹ máa bu omi rin ín lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 7, kó má baà là. Kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ níbẹ̀ títí ọjọ́ náà yóò fi pé.

Ní pàtàkì jù lọ, bí kòtò àtijọ́ tàbí ṣáláńgá àtijọ́ bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, ìbáà jẹ́ láti kó o tàbí láti mú ohun tó já síbẹ̀. Afẹ́fẹ́ búburú máa ń wà nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀. Ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, ó sì lè pa ẹni tó bá tẹ̀ lé e wọ ibẹ̀ láti gbà á. Ẹ fi erùpẹ̀ dí i láti òkè.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÓ YẸ KÍ Á LÈ KỌ

balùwẹ̀, kòtò, kànga, ìpìlẹ̀, bùlọ́ọ̀kù, símẹ́ńtì, kọnkéré, páìpù, ìwọ̀n, àdéhùn

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló yẹ kí á kọ́kọ́ rò kí á tó ra táìsì?
2. Ẹsẹ̀ bàtà mélòó ló yẹ kó wà láàrin kòtò àti kànga?
3. Báwo ni àrùn ṣe wọ inú kànga ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1854?
4. Kí nìdí tí ilẹ̀kùn balùwẹ̀ fi ní láti máa ṣí síta?
5. Agbo ilé kan ní ènìyàn 12. Olúkúlùkù ń wẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ pẹ̀lú omi lítà 20. Lítà mélòó ni wọ́n ń dà nù lójúmọ́?
6. Balùwẹ̀ kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 8. Ínǹṣì mélòó ni ilẹ̀ rẹ̀ yóò fi dagun?

IṢẸ́ ILÉ

Kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ tó dé, ẹ wọ̀n balùwẹ̀ ilé yín. Ẹ wọ̀n bí ó ti jìnnà sí kànga yín, àti sí kànga aládùúgbò tó sún mọ́ yín jù. Ẹ ya gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìṣirò, ẹ kọ ìwọ̀n sí i, kí ẹ mú un wá sí kíláàsì. A ó jọ wò ó. Bí a bá rí kànga tó wà nínú ewu, a ó jọ mọ ohun tí a ó ṣe kí òjò tó dé.